Olùkọ́ Tí Kò Rí Oorun Sùn: Kì Í Ṣe Gbogbo Àìsùn Ló Ń Fẹ́ Oògùn

Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ la fẹ́ sọ lónìí, àwọn tí ẹ máa ń fa ọmọ yín lé lọ́wọ́ láràárọ̀. Àwọn tíṣà kì í wọ́n ní iléèwòsàn, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń sọ fún wa ni pé, "Nọ́ọ̀sì, mi ò rí oorun sùn, ẹ bá mi wá nǹkan tí mo lè lò sí i." Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní í dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Kẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta ni wọ́n máa yà sí, wọ́n á ra hóró mélòó kan, wọ́n á jù ú sínú báàgì, ó parí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn èèyàn ń pè ní "mi ò rí oorun sùn." Ẹnì kan wà tí oorun ń kùn ún gidi, ṣùgbọ́n tí kò ráyè sùn. Ẹnì kejì ráyè, ó dùbúlẹ̀, ó pa iná, síbẹ̀ ojú rẹ̀ dá, oorun kò wá. Ẹnì kẹta sùn láti alẹ́ dàárọ̀, ó tiẹ̀ ń hanrun, àmọ́ ó jí pẹ̀lú àárẹ̀ bí ẹni tó roko mọ́jú. Oògùn kan náà ni gbogbo wọn ń rà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bà jẹ́, torí pé oògùn oorun kò lè fi wákàtí kún òru ẹni tí kò ráyè, ó sì lè ṣe ẹni kẹta yẹn ní jàǹbá ńlá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò ráyè, torí pé lójú tèmi, òun ló pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ wa. Ẹ mú obìnrin kan tó ń gbé ní Ìkòròdú, tó sì ń kọ́ni ní Yábàá. Kó tó lè débẹ̀ kí wọ́n tó lu aago àárọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé nígbà tí aago márùn-ún bá kọjá díẹ̀, nítorí tó bá di aago mẹ́fà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Máìlì 12 àti Kétu ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyẹn ni pé aago mẹ́rin ló ń jí, torí ó ní láti dáná, kó wẹ àwọn ọmọ, kó di oúnjẹ wọn. Ìgbà tó bá máa padà dé, ó ti di aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ìkòkò ọbẹ̀ ń dúró dè é. Wọ́n jẹun tán, wọ́n fọ abọ́ tán, aago mẹ́sàn-án ti lù. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kó ìwé àwọn ọmọ kíláàsì jáde láti máàkì. Ọmọ 60 ni. Ká ní ìṣẹ́jú méjì péré ló lò lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì gbáko nìyẹn, kò sì tíì kọ nóòtì ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì. Tó bá sùn láago mọ́kànlá ààbọ̀, tó tún jí láago mẹ́rin, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ló rí sùn.

Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì fẹnu kò pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa sùn fún wákàtí 7 lálẹ́. Fún ẹni tó bá ti pé ọdún 65 sókè, wákàtí 7 sí 8 ni wọ́n dá lábàá. Obìnrin tí à ń sọ yìí ń jẹ ara rẹ̀ ní gbèsè wákàtí méjì ààbọ̀ lálẹ́ kan ṣoṣo. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, ó ti di wákàtí 12 ààbọ̀. Ọjọ́ wo ló fẹ́ san án? Sátidé ni ọjọ́ aṣọ ẹbí nílẹ̀ wa, Sọ́ńdè sì ni ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí gbèsè yìí ń ṣe fún ara kì í ṣe kékeré. Nígbà téèyàn bá sùn wọra lóru, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, ọkàn náà á máa rọra lù. Ìsinmi tirẹ̀ nìyẹn. Tá a bá wá ń gé e kúrú láti ọdún dé ọdún, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé àìsùn tó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ara sísan rìn. Ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà, ìyẹn American Heart Association, ní ohun méje tí wọ́n máa ń ní kéèyàn máa ṣọ́ nítorí ọkàn rẹ̀. Lọ́dún 2022, wọ́n fi oorun kún un, ó di mẹ́jọ.

Iṣẹ́ ọpọlọ ńkọ́? Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Australia, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1997, fi hàn pé ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17, bó ṣe ń ṣe nǹkan kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó mutí títí tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń mú awakọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó jí láago mẹ́rin ìdájí. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wákàtí 17 pé. Àsìkò yẹn gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì ìwé ọmọ yín. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò bá sùn máa ń tètè bínú. Nígbà míì tí ọmọ bá délé tó ní tíṣà àwọn na gbogbo kíláàsì torí ariwo tí kò tó nǹkan, oorun wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Mi ò fi ìyẹn gbèjà pàṣán o, mo kàn ń sọ ibi tí ìbínú ti ń wá ni.

Kí wá ni oògùn irú àìsùn yìí? Wákàtí ni, kò sí hóró kankan tó lè rọ́pò rẹ̀. Ibi tí wákàtí ti ń sọnù la gbọ́dọ̀ wá a lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwé mímáàkì. Kò sí ìdí tí ìwé 60 fi gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ kan náà. Kí olùkọ́ gba ìwé 15 lónìí, kó gba 15 lọ́la, kó sì máàkì wọn láàárín àsìkò tí kò ní kíláàsì, kí wọ́n má tiẹ̀ kúrò ní iléèwé. Èyí tó jẹ́ ká fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn tàbí ká mú A tàbí B, kí àwọn ọmọ pààrọ̀ ìwé, kí wọ́n máàkì fún ara wọn, kí tíṣà máa ka ìdáhùn fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ dákun, nóòtì ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ ní kí wọ́n kó wá ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán Fúráìdè. Ìwé kan náà ni, Sọ́ńdè àwọn èèyàn lẹ máa fi dá wọn lọ́lá.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ máà bínú, ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Àwọn òbí kan á fi WhatsApp ránṣẹ́ sí tíṣà láago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́: "Ẹ kú alẹ́ ma, kí ni wọ́n fún wọn ṣe nílé lónìí?" Tíṣà tó ti ń tòògbé á ta gìrì, á dáhùn, òbí mìíràn á tún béèrè. Tó bá ti kọjá aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ jẹ́ kó di àárọ̀. Àti ẹ̀yin bàbá tí ìyàwó yín jẹ́ olùkọ́, tó bá ń máàkì ìwé, ta ló ń fọ abọ́? Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fọ abọ́, ẹ̀yin náà sì lè di oúnjẹ ọmọ sínú kúlà láàárọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, oorun lẹ fún un. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò ní May 2023, tí owó ọkọ̀ sì gbẹ́nu sókè, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fẹsẹ̀ rìn nínú ìrìn àjò wọn. Wákàtí mìíràn tó ń lọ nìyẹn. Ẹni tó bá rí ogún ìṣẹ́jú gbé orí lé tábìlì nínú yàrá àwọn olùkọ́ lásìkò ìsinmi, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́dọ̀ ẹni kejì, ẹni tó dùbúlẹ̀ tí oorun kò wá. Aago kan wà nínú ara wa tó ń sọ ìgbà tó yẹ ká sùn àti ìgbà tó yẹ ká jí. Kì í ṣe àsọdùn o. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2017 lórí ìmọ̀ ìṣègùn, iṣẹ́ lórí aago yìí ni wọ́n fi gbà á, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, ará Amẹ́ríkà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìmọ́lẹ̀ ni aago náà ń tẹ̀ lé. Ilẹ̀ ṣú, ó ní ká máa múra oorun. Ojú mọ́, ó ní ká dìde. Ẹni tó bá wá gbé fóònù sójú lórí ibùsùn títí di ọ̀gànjọ́, ojúmọmọ ló gbé sójú yẹn. Ẹni tó sùn láago mẹ́wàá lónìí, tó lọ sí ìṣọ́ òru lọ́la, tó sì jí láago mẹ́wàá àárọ̀ ní Sátidé, aago rẹ̀ ò mọ èyí tó máa tẹ̀ lé mọ́.

Obì tún wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ọkùnrin, pàápàá àwọn àgbà, fẹ́ràn kí wọ́n máa jẹ obì lọ́sàn-án kí oorun má bàa gbé wọn lọ nínú kíláàsì. Èròjà tó ń la èèyàn lójú nínú kọfí, òun náà ló wà nínú obì, àbàtà àti gbànja. Ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Obì téèyàn jẹ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára láago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tí oorun bá ń ṣe wàhálà fún, kó jẹ obì rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, kó sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Ọtí kò ràn án lọ́wọ́ bó ṣe rò. Lóòótọ́ ó máa gbé e lọ kíá, ṣùgbọ́n ojú á là láago méjì òru, kò sì ní í padà pa dé.

Àwọn obìnrin tó ti ń sún mọ́ ọdún 50, tí nǹkan oṣù wọn ń fẹ́ dáwọ́ dúró, ooru lè máa yọ lára wọn lójijì lóru, kí aṣọ wọn rin. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, ìtọ́jú wà fún un.

Ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ gbìyànjú fún irú àìsùn kejì yìí lónìí kì í ṣe oògùn. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi èyí sílẹ̀ bí ìlànà lọ́dún 2016, pé àtúnṣe ìṣesí ni kó ṣáájú. Bó ṣe rí nìyí. Ẹ mú aago kan tẹ́ ẹ ó máa jí, ẹ má yẹ̀ ẹ́, Sátidé àti Sọ́ńdè náà. Ẹ má lọ sórí ibùsùn àfi tí oorun bá ń kùn yín ní ti gidi. Tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú tí oorun kò wá, ẹ dìde, ẹ lọ jókòó ní pálọ̀, ẹ má tan iná rẹpẹtẹ, ẹ má gbé fóònù. Ìgbà tí oorun bá dé, ẹ padà. Àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró dáadáa, kó ní tọ́ọ̀ṣì nítòsí kó má bàa ṣubú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń le. Lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ara á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé ibùsùn wà fún oorun, kì í ṣe fún ìrònú owó iléèwé.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tiyín tún yàtọ̀ díẹ̀. Ọdún 35 lẹ fi jí láago mẹ́rin, ara ti mọ́ ọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n bu ọwọ́ lù lọ́dún 2022 tiẹ̀ ti sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ sí 65, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà àwọn mìíràn á ṣì máa jí bẹ́ẹ̀ nígbà tí orí wọn bá ti funfun. Bàbá kan lè wá sọ pé òun kì í sùn lóru. Tẹ́ ẹ bá wá bi í léèrè, aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń dùbúlẹ̀, oorun gbé e lọ ní mẹ́jọ ààbọ̀, ojú rẹ̀ là ní aago mẹ́ta. Ó sì ti sùn fún wákàtí kan lọ́sàn-án lórí àga. Ẹ ṣírò rẹ̀, wákàtí méje ààbọ̀ ni. Kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Kó dín oorun ọ̀sán kù, kó sì máa bá àwọn ọmọ ilé ṣeré títí di aago mẹ́wàá, á jí láago márùn-ún. Tó bá jẹ́ ìtọ̀ ló ń jí i ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóru, kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yẹ ojú ara ọkùnrin wò. Tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀, kó bi dókítà bóyá àárọ̀ ló yẹ kó máa lò ó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi síbí. Ìyá àgbà tó ń rìn káàkiri pálọ̀ láago méjì òru, ẹ má pè é ní àjẹ́. Oorun àgbà kì í wúwo bíi ti ọmọdé, ìrora oríkèé sì ń jí wọn. Ẹ bi í pé kí ló ń dùn ún.

Ẹni kẹta ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó ń hanrun débi pé wọ́n ń gbọ́ ọ ní yàrá kejì, àwọn èèyàn ń sọ pé oorun rẹ̀ dùn. Kò dùn rárá. Nínú ìhanrun yẹn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń pa dé, èémí ń dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọpọlọ á wá jí i díẹ̀ kó lè mí, á fọ́n bí ẹni tí omi fẹ́ gbé, á tún padà sùn. Èyí lè ṣẹlẹ̀ ju ọgbọ̀n ìgbà lọ láàárín wákàtí kan fún ẹni tí tirẹ̀ bá le. Láàárọ̀, orí á máa fọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, yóò máa tòògbé níwájú pátákó. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga, wọ́n á fún un ní oògùn kan, wọ́n á fi ìkejì kún un, kò ní í lọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà lọ sí iléèwé, ẹ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lójú títì.

Ẹni tó ń bá a sùn nìkan ló lè sọ fún wa. Lálẹ́ òní, ẹ fetí sílẹ̀ sí ọkọ yín, tàbí aya yín. Tí ìhanrun bá dákẹ́ lójijì, tẹ́ ẹ sì ka ẹní, èjì, ẹ̀ta títí dé ẹ̀wá kó tó mí, ẹ gbé e lọ sí iléèwòsàn. Àwọn iléèwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn ní àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ìtọ́jú wà. Fún ẹni tó sanra, kó fọ̀n díẹ̀. Kó máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kó má fẹ̀yìn lélẹ̀. Kó jáwọ́ nínú ọtí alẹ́. Ẹ̀rọ kan náà wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú lóru kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa pa dé, dókítà kan ní Australia, Colin Sullivan, ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 1981. Ó wọ́n, mi ò ní í purọ́ fún yín.

Ẹ wá wo ohun tí ẹni yìí máa rí ní kẹ́míìsì. Wọ́n á fún un ní Valium tàbí Lexotan. Àwọn oògùn yìí máa ń dẹ iṣan ara, ti ọ̀fun náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó ti ń pa dé tẹ́lẹ̀ á tún máa pa dé sí i, èémí tó ń dúró á pẹ́ sí i. Fún àgbà, wọ́n máa ń mú kí ojú ṣókùnkùn, kó ṣubú lọ́nà ilé ìtọ̀, kí egungun ìbàdí dá. Tí wọ́n bá ti di bárakú, oorun kò ní í wá mọ́ láìsí wọn. Ẹni tó bá ti ń lò wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, kó má ṣe jáwọ́ lójijì lónìí torí pé ó ka ọ̀rọ̀ mi, gìrì lè mú un. Kó lọ bá dókítà, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Piriton táwọn kan ń lò fún oorun náà kì í ṣe ti àgbà. Ó lè dí ìtọ̀ mọ́ ọkùnrin tí ojú ara rẹ̀ ti wú nínú, ó sì lè da ọkàn àgbà rú.

Jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ tàn kí fáànù lè máa yí, kò gbọ́dọ̀ sí ní kọ́rídọ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó ń jíni, ó sì ń pa gbogbo ilé lójú oorun.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tẹ́ ẹ wà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ wá ìwé ọmọléèwé kan, ẹ fi sẹ́bàá ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ aago tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, ẹ kọ bó ṣe pẹ́ tó kí oorun tó gbé yín lọ, iye ìgbà tẹ́ ẹ jí, ohun tó jí yín, àti aago tẹ́ ẹ dìde. Ẹ kọ obì, kọfí, ọtí àti oògùn tẹ́ ẹ lò. Àwọn dókítà Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ní ìbéèrè 19 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1989, irú nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Ohun kan tí wọ́n ń ṣírò tẹ́yin náà lè ṣe nílé ni èyí: ẹ fi wákàtí tẹ́ ẹ lò lórí ibùsùn pín wákàtí tẹ́ ẹ sùn. Ẹni tó lo wákàtí 9 lórí ibùsùn, tó sùn wákàtí 5 péré, ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìdá 85 sókè ló dára. Tó bá jẹ́ ìdá 90 lẹ ní, ṣùgbọ́n tí wákàtí yín kò ju mẹ́rin ààbọ̀ lọ, àyè lẹ nílò. Tí wákàtí yín bá pé, tí ìdá náà sì dára, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ṣì ń tòògbé lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ìhanrun yẹn ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ẹ mú ìwé náà dání lọ bá dókítà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú lára àwọn tó ń dúró ṣiṣẹ́ la máa gbé yẹ̀ wò.